Ta ni ó ni Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Bàbá?



Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, ó sì lè pa àwọn kan nínú yín lẹ́rìn-ín kí a tó dé ìdí rẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá ti di ẹni ọdún 75, tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan tí a lè ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí awakọ̀ lára, tí dókítà sì ti fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, pé kí ó máa lò ó títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ǹjẹ́ ó tọ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí wọ́n bá gbà á, ṣé ìfẹ́ ni wọ́n fi gbà á ni, tàbí ìbẹ̀rù? Bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ fún un, ṣé ọ̀wọ̀ ni, tàbí àìbìkítà?

Ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tí owó ń bẹ lọ́wọ́ wọn ni èyí. Lóòótọ́, ilẹ̀ wọn ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí, láàárín wọn ni mo sì ti fẹ́ mú àpẹẹrẹ mi. Ṣùgbọ́n àgbà wà níbi gbogbo, kò sì sí agbolé tí ọmọ àti bàbá kì í ti í jiyàn lórí ohun tí kò yẹ kí bàbá máa ṣe mọ́. "Bàbá, ẹ má gun àjà mọ́." "Bàbá, ẹ má dá lọ sí oko mọ́." Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yìí kàn mú kí ohun tí ó wà nínú àríyànjiyàn wa hàn kedere ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ìparí ìgbà ooru, àwọn tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ a máa pàdé lórí pápá koríko ní òpin ọ̀sẹ̀. Wọn a to ọkọ̀ wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọn a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọn a gbé àga kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn a sì jókòó máa mu tíì. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni MGB, èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Abingdon láti ọdún 1962 títí di ọdún 1980, tí iye rẹ̀ sì lé ní 500,000 kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Aṣọ ni òrùlé irú èyí tí mo ń wí. Bí oòrùn bá yọ, a óò ká a sẹ́yìn; bí òjò bá dé, a óò sáré fà á bọ̀ síwájú, omi yóò sì tún rí ihò tí yóò gbà kán sí awakọ̀ ní itan. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Mustang ti ilé iṣẹ́ Ford ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi han gbogbo ènìyàn ní ìlú New York ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1964. Kí ọdún méjì tó pé, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan rẹ̀. Àwọn ará Jámánì náà kò gbẹ́yìn. Volkswagen tí àwa ń pè ní Ìjàpá, ilé iṣẹ́ Karmann ní ìlú Osnabrück ṣe irú rẹ̀ tí a lè ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn láti ọdún 1949 títí di ọdún 1980. Ìjàpá tí ó bọ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀! Bí àwọn apàlọ́ ayé àtijọ́ bá rí i, wọn ìbá ti fi ìtàn kan kún ti tẹ́lẹ̀.

Ìtọ́jú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀ tí yóò sọ ibi tí ó ń dùn ún. Etí ni a fi ń gbọ́ ọ, imú ni a fi ń mọ̀ pé epo ń jò, ọwọ́ ni a fi ń mọ̀ bí ó bá gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Kàbúrétọ̀ méjì ni ó wà lára MGB, a sì gbọ́dọ̀ mú wọn dọ́gba, kí ọ̀kan má ba à máa fa afẹ́fẹ́ ju èkejì lọ. Ìpáàrà ń jẹ irin rẹ̀ lábẹ́ ibi tí ojú kò tó. Ẹni tí ó ń yí ìdarí rẹ̀, agbára apá ara rẹ̀ ni yóò fi yí i. Àwọn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ogójì ọdún mọ ìró ẹ́ńjìnnì wọn bí ìyá ti mọ igbe ọmọ rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó jọ mí lójú nínú òfin ilẹ̀ náà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán, bí ó bá ti pé ọdún mẹ́ta, ọdọọdún ni a gbọ́dọ̀ gbé e lọ síwájú àwọn olùyẹ̀wò kí ó tó lè máa rìn lójú pópó. Ṣùgbọ́n láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ọkọ̀ tí ó bá ti lé ní 40 ọdún, tí a kò sì yí i padà lọ́nà tí ó pọ̀, ti bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò ọdọọdún yẹn. Òfin kò wí pé kí ó máa rìn pẹ̀lú bíréèkì tí ó ti kú o. Ohun tí ó wí ni pé olówó ọkọ̀ ni kí ó rí sí i fúnra rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ awakọ̀. Bí ó bá ti pé ẹni 70 ọdún, ọdún mẹ́tamẹ́ta ni yóò máa sọ ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ di ọ̀tun, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ojú òun ṣì ríran dáadáa, àti irú àìsàn tí ó wà lára òun. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí: ọkọ̀ tí ó gbó àti ẹni tí ó dàgbà, ẹ̀rí ọkàn ọkùnrin kan ṣoṣo ni a fi ṣe olùyẹ̀wò àwọn méjèèjì. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi wí pé ìbéèrè wa kì í ṣe ti ọlọ́pàá. Ti ìwà ni.

Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ lórí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì níbi ìpàdé wọn a máa parí sórí oògùn. Ẹnìkan a béèrè lọ́wọ́ èkejì pé irú èwo ni wọ́n fún ọ, ìgbà mélòó ni o ń lò ó lójúmọ́? Èkejì a ká apá ẹ̀wù sókè láti fi ibi tí sípánà ti yọ̀ gbá a hàn, tí ara rẹ̀ sì ti dúdú bí ara ẹni tí a fi kùmọ̀ lù. Ẹ̀kẹta a ní ìyàwó òun kò gbà kí òun wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Wọn a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, wọn a dákẹ́ díẹ̀, ẹnìkan a sì tún padà sórí ọ̀rọ̀ púlọ́ọ̀gì.

Oògùn náà, àwọn òyìnbó a máa pè é ní ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ fúyẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò tọ̀nà, nítorí kì í bu omi la ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń fa ọwọ́ dídì ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn. Ohun rere ni dídì ẹ̀jẹ̀ nínú ara. Bí kì í bá ṣe é ni, ẹni tí abẹ́ bá gé lọ́wọ́ lásán ìbá ti kú. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ogbó bá dé, ọkàn ẹlòmíràn a máa lù ségesège. Kò ní lè fún ẹ̀jẹ̀ jáde tán bí ó ti yẹ. Èyí tí ó kù sí kọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì dì bí ẹ̀kọ tí ó tutù sínú ewé. Bí ègé kan bá já kúrò lára rẹ̀, tí ó sì bá ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ, ẹni náà lè ṣubú lulẹ̀ lójijì, kí apá kan ara rẹ̀ sì rọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù bẹ́ẹ̀ súnmọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ní ìlọ́po márùn-ún ju ẹlòmíràn lọ. Oògùn yìí, bí a bá lò ó dáadáa, a sì máa mú bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ewu náà kúrò.

Ìtàn bí a ṣe rí èyí tí ó lókìkí jùlọ nínú wọn yẹ kí gbogbo ẹni tí ń lò ó mọ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, màlúù àwọn àgbẹ̀ ní apá àríwá Amẹ́ríkà àti ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í kú ikú àjèjì. Bí a bá gé ìwo wọn, ẹ̀jẹ̀ kì í dá; àwọn mìíràn a máa sun ẹ̀jẹ̀ sínú ara títí wọn yóò fi kú. Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ẹran wá rí i pé koríko gbígbẹ tí ó ti bu nínú àká ni wọ́n ń jẹ. Ní oṣù Kejì ọdún 1933, nígbà tí ìjì yìnyín ń jà, àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin wa ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ní nǹkan bí 190 máìlì lọ sí ìlú Madison. Òkú ọ̀dọ́ abo màlúù kan ni ó kó wá, pẹ̀lú agolo wàrà ńlá kan tí ó kún fún ẹ̀jẹ̀ tí kò dì, àti ìdì koríko tí ó ti bàjẹ́ náà. Ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Karl Paul Link ni wọ́n tọ́ka rẹ̀ sí. Link kò ní ìrànwọ́ kankan láti ṣe fún un lọ́jọ́ náà ju pé kí ó má fi koríko náà bọ́ wọn mọ́. Ṣùgbọ́n òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Ní ọdún 1939, wọ́n yọ nǹkan náà gan-an tí ń pa màlúù jáde láti inú koríko. Nígbà tí ó di ọdún 1948, wọ́n ti mú ìbátan rẹ̀ kan jáde sí ọjà, tí a ń pè ní warfarin, láti máa fi pa eku. Ní ọdún 1954, ìjọba Amẹ́ríkà gbà pé kí a máa fún ènìyàn ní ìwọ̀n kékeré rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí àrùn ọkàn kọ lu Ààrẹ Eisenhower, ó wà lára oògùn tí a fi tọ́jú rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ohun kan náà ni ó pa màlúù, tí ó pa eku, tí ó sì ń dá ẹ̀mí bàbá olọ́kọ̀ wa sí. Ìwọ̀n nìkan ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ń lo warfarin ní láti máa lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ látìgbàdégbà, kí a lè mọ iye tí a ń pè ní INR. Lára ẹni tí kò lò ó, iye náà kì í ju bí 1 lọ. Lára ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lò ó, a fẹ́ kí ó wà láàárín 2 sí 3. Àwọn kan tí a ti fi ìlẹ̀kùn onírin sí ọkàn wọn a sì ní láti gòkè díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè dì. Bí ó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa sun láìdá. Kódà oúnjẹ lè yí i padà, nítorí fítámì K tí ó wà nínú ẹ̀fọ́ tútù bí ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ àti ewúro ni ara fi ń ṣe ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹni tí ń lò ó má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́. Kí ó máa jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n kan náà ni, kí ó má jẹ́ pé yóò pa á tì fún oṣù kan, kí ó sì wá jẹ ìkòkò kan tán nídìí ìnáwó. Ẹ̀yin tí dókítà ti fún ní irú oògùn yìí nínú ìjọ wa, ẹ má fi àgbo kún un láìsọ fún ẹni tí ń tọ́jú yín, ẹ má sì ra oògùn ara ríro lójú ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri, nítorí púpọ̀ nínú wọn a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ sun. Láti ọdún 2010, àwọn oògùn tuntun mìíràn ti wà tí kò nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí tètè ń kúrò lára, nítorí náà ẹni tí ó bá gbàgbé wọn fún ọjọ́ kan tàbí méjì kò ní ààbò mọ́. A kò sì gbọ́dọ̀ fi wọ́n rọ́pò warfarin fún ẹni tí ìlẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ jẹ́ onírin.

Aristotle, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì, ti kọ́ni pé ibi àárín ni ìwà rere máa ń wà, ṣùgbọ́n àárín náà kò rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Oúnjẹ tí ó tó ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìjàkadì, kò lè tó ògbóǹtarìgì ajìjàkadì. Kò sí ẹni tí ó lè jókòó sínú ilé, kí ó ṣírò àárín náà lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì pín in fún gbogbo ayé. A ní láti wo ẹni náà, a ní láti wo ọjọ́ náà. Bí ìwọ̀n oògùn ti rí nìyẹn, bí ìwọ̀n ìgbé ayé ti rí nìyẹn pẹ̀lú. Àṣìṣe tí àwọn ọmọ máa ń ṣe ni pé wọ́n rò pé ibì kan wà tí kò sí ewu rárá, àti pé àga ìrọ̀gbọ̀kú tí ó wà ní ìyẹ̀wù bàbá ni ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí kò na ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a máa dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì lè dì níbẹ̀. Àga náà ní ewu tirẹ̀, ó kàn jẹ́ pé kì í pariwo bí ẹ́ńjìnnì ni.

Kí ni a ó wá sọ nípa kọ́kọ́rọ́? Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀. Ewu tí ó ń bọ̀ wá sórí bàbá fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó lè bá ẹlòmíràn lójú ọ̀nà. Oògùn tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dídì dúró kò fọ́ ojú awakọ̀, kò sì mú un sùn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun ọkọ̀ wíwà nítorí oògùn náà nìkan. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá forí sọ igi, ẹni tí ń lò ó wà nínú ewu ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, pàápàá nínú ọkọ̀ ọdún 1963 tí kò sí àpò afẹ́fẹ́ níwájú awakọ̀, tí kò sì sí bẹ́líìtì nínú òmíràn. Bí orí rẹ̀ bá gbá irin, kódà tí ó bá rò pé kò sí nǹkan, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa sun nínú agbárí láìsí àmì fún wákàtí mélòó kan. Gbogbo èyí, orí òun tìkára rẹ̀ ni ó ń bọ̀.

Ọ̀ràn mìíràn ni bí òòyì bá ń kọ́ ọ, bí ojú rẹ̀ bá ti ń ṣú, tàbí bí ó ti ń ṣi ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Níbẹ̀, ara ẹlòmíràn ni ó ń fi ṣeré. Ọmọdé tí ń ti ilé ìwé bọ̀ kò bá a dá májẹ̀mú kankan pé òun yóò pín nínú ewu ìgbádùn rẹ̀. Bí ó bá dé orí èyí, n kò rí àríyànjiyàn kankan níbẹ̀: kí ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, bí kò bá sì fi í sílẹ̀, kí àwọn ọmọ gbà á, kí wọ́n má sì bẹ̀rù pé wọn kò bọ̀wọ̀ fún bàbá. Bíbọ̀wọ̀ fún bàbá kò túmọ̀ sí pé kí a jẹ́ kí ó di apànìyàn ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀.

Orí ewu tirẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ ti le. Àwọn kan yóò wí pé: "Ẹ̀mí rẹ̀ ni, kí ó ṣe é bí ó ti wù ú." N kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Àwa onígbàgbọ́ mọ̀ pé a fi ẹ̀mí lé wa lọ́wọ́ ni, a kò fi owó rà á. Bí a bá sì yọ ti ìgbàgbọ́ kúrò pàápàá, bí ó bá ṣubú, ta ni yóò máa gbé e, tí yóò máa wẹ̀ ẹ́, tí yóò máa bọ́ ọ? Ìyàwó rẹ̀ tí òun náà ti dàgbà ni. Nítorí náà ó jẹ ẹ́ ní gbèsè pé kí ó lo oògùn rẹ̀ ní àkókò, kí ó má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, kí ó wọ ìbọ̀wọ́ bí ó bá ń tú irin mímú. Mo ti gbọ́ nípa àwọn ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ọjọ́ pípààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ wọn fi wákàtí kan lé, tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú iye máìlì, tí wọn kò sì lè sọ bóyá wọ́n lo oògùn wọn lánàá. Ìwà yìí kò dára. Ẹni tí ó bá lè gbọ́ ìró tí kò tọ́ nínú ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè, kò ní àwáwí bí ó bá ń di etí sí ìró àyà ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà ní ìdàkejì tí wọ́n yóò wí pé: "Ẹ tà á, ẹ jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: kí ọkàn *wa* balẹ̀. Ọkàn ta ni? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìbẹ̀rù máa ń wọ aṣọ ìfẹ́, tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ fún pàápàá kì í mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá kí òun lè sùn dáadáa, ti ara rẹ̀ ni ó ń wá. Tọ́másì Mímọ́ ti Aquino, nígbà tí ó ń sọ nípa ọgbọ́n ìṣe, kọ́ wa pé kò sí ẹni tí ọgbọ́n tirẹ̀ nìkan tó o nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, àti pé kódà ẹni tí ó mòye gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a kọ́ òun ní nǹkan. Ó sì tún wí pé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni ó yẹ kí a ti kọ́ ọ jùlọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ bàbá, ó sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bàbá tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀, agídí ni ó ń pè ní òmìnira. Ọmọ tí kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ bàbá kí ó tó pàṣẹ, ó ti sọ bàbá di ẹrù.

Àpẹẹrẹ kan wà nínú ìtàn àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí fúnra wọn tí ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Mustang tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ìkíní, funfun ni, òrùlé rẹ̀ sì ṣeé ká sẹ́yìn. Kò yẹ kí wọ́n tà á rárá, ṣùgbọ́n awakọ̀ òfuurufú ará Kánádà kan ti rà á kí Ford tó mọ̀. Ó wà á ní nǹkan bí 10,000 máìlì, kò sì fẹ́ dá a padà, títí ilé iṣẹ́ náà fi fún un ní Mustang tí ó pé mílíọ̀nù kan ní ìpààrọ̀ rẹ̀. Lónìí, ó wà nínú ilé ọnà ìtàn ti Henry Ford ní Dearborn. Kò sí ohun tí ó lè ṣe é mọ́. Òjò kò pa á, kò rìn, kò sì lọ síbi kankan. Fún ọkọ̀, èyí kò burú, nítorí ohun ìrántí ni. Ní Havana, ní ilẹ̀ Cuba, níbi tí a ti kó ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa lọ sóko ẹrú, ẹ óò rí èyí tí ó yàtọ̀ pátápátá. Àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n wọ ibẹ̀ ṣáájú ọdún 1959 ṣì ń gbé èrò. Nígbà tí ohun èlò wọn kò wọlé mọ́, àwọn onílé fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Rọ́ṣíà sí òmíràn nínú wọn, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rọ irin tí wọn kò rí rà, wọ́n sì tún kun wọ́n ní pupa àti àwọ̀ ojú ọ̀run. Àwọn òǹkà-ìwé a máa jiyàn bóyá ọkọ̀ kan náà ni lẹ́yìn ìpààrọ̀ wọ̀nyí. Ẹni tí ó ń fi í bọ́ ọmọ kò ráyè jiyàn.

Bàbá tí ìlẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ti di irin, tí àwọn dókítà ti pààrọ̀ egungun ìbàdí rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè bi í bóyá òun ṣì ni. Òun ni. Ibi tí òun àti ọkọ̀ rẹ̀ ti pínyà nìyí. Ọkọ̀ a máa gbówó lórí nítorí pé irú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Bí a bá rí ẹgbẹ̀rún rẹ̀ nínú àká kan lọ́la, owó rẹ̀ yóò wálẹ̀. Iyì bàbá kò sí lórí ọjà bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí, a kò lè gbé e sí ilé ọnà, bí ó ti wù kí ilé náà dára tó, kí a sì wí pé a tọ́jú rẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí, nígbà náà, pé kí ni kí ọmọ ṣe, ohun tí mo máa dá lábàá kò tóbi. MGB tí ó ní òrùlé aṣọ, ìjókòó méjì ni ó ní. Nínú ọkọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wọ̀nyí, ìyàwó ni ó máa ń jókòó sí èkejì, títí ikú fi mú un lọ tàbí títí ẹ̀yìn ríro kò fi jẹ́ kí ó lè wọlé mọ́. Láti ìgbà náà, àpò oúnjẹ àti àpótí sípánà ni ó ń gbé ibẹ̀. Kí ọmọ tí ó fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ gbé àpótí náà kúrò, kí ó sì jókòó síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan tí òjò kò rọ̀. Kí ó wo bí bàbá ti ń wo dígí kí ó tó yà, kí ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bíréèkì, kí ó kíyè sí i bóyá ó tètè rí ẹni tí ń sọdá. Lójú ọ̀nà, kí ó bi í léèrè iye tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ lóṣù tó kọjá, ibi tí ó ń kó oògùn rẹ̀ sí, àti ẹni tí ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà di tirẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, òun àti bàbá rẹ̀ yóò ní ohun tí wọ́n lè jùmọ̀ sọ.